Lẹ́tà Tó Gba Ara Ògiri Kọjá

Ọ̀gbẹ́ni Láńre Àdìó fi ìwé ìdánwò náà lu orí tábìlì, ó fi ìka tẹ ìbéèrè karùn-ún.

"Ìyá Latifah, ẹ bá mi ka ibí yìí sókè."

Mùsílímátù gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó kọ́kọ́ fi ojú kà á. Ó wá kà á sókè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kí ni à ń pe ọ ajá?"

Níbi tábìlì kejì, Túnráyọ̀, táípíìsì kékeré tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní ọdún tó kọjá, yára kọjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni à ń pe ọmọ ajá. Ohun tí Alhaja Safiyyah, ọ̀gá ilé-ìwé, kọ fún wa nìyẹn," ni Láńre wí. "Ẹ wá pe àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ajá! Òbí mẹ́rin ló ti lọ bá Alhaja nílé-ìwé láti àárọ̀. Ó tún kù. Ẹ ṣí ojú ìwé kejì."

Mùsílímátù ṣí i. Ìṣirò ni. Bólá ra ọsàn méjìlá, ó fún àbúrò rẹ̀ ní Dear Sir, mélòó ló kù?

"Ta ni Dear Sir, Ìyá Latifah? Lẹ́tà ta lẹ̀ ń kọ láàárín iṣẹ́ oníṣẹ́?"

"Mi ò kọ lẹ́tà kankan, sà. Mo ka ìwé yìí tán ní ọjọ́ náà, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo wá dìde lọ kírun Àílà. Nígbà tí mo dé, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó yẹ kí n tún un kà, ẹ̀bi mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù yìí, sà…"

"Kíbọ́ọ̀dù! Irú rẹ̀ gan-an ló wà lórí tábìlì tèmi. Ṣé èmi náà ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ajá ni?"

Mùsílímátù bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tẹ̀wé ní Ilé Ìtẹ̀wé Àdìó ní Ring Road yìí. Bàbá Láńre ló gbà á síṣẹ́, nígbà tí Láńre alára ṣì ń wọ ṣòkòtò kakí wá dúró de bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Tàípúráítà ló fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí ariwo rẹ̀ ń dé ìsàlẹ̀ ilé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òun fi ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́jọ lọ kọ́ ọ ní Agbowó, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè bí. Ó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti Túnráyọ̀ lọ.

Wàhálà kò dé àfi ní oṣù kẹta ọdún 1999 yìí, nígbà tí Láńre ti London dé pẹ̀lú páálí méjì. Kíbọ́ọ̀dù tí kò ní wáyà àti máòsì tí kò ní wáyà ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn, pẹ̀lú ọmọ àpótí kan tó tó ọṣẹ ìwẹ̀, tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Bí èèyàn bá tẹ kíbọ́ọ̀dù, ọmọ àpótí yẹn ló ń gbọ́, tí yóò sì sọ fún kọ̀ǹpútà. Láńre gbé ọ̀kan sínú yàrá tirẹ̀, ó gbé èkejì fún Mùsílímátù gẹ́gẹ́ bí àgbà táípíìsì. Inú Mùsílímátù dùn gidigidi lọ́jọ́ náà. Ó gbàdúrà fún un.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí inú dídùn náà fi lọ. Yóò tẹ "ìwé," ẹ̀rọ á kọ "ìw." Yóò fa máòsì sápá ọ̀tún, ọfà orí ẹ̀rọ á dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ni yóò sá lọ sókè fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, gbogbo ẹ̀ á dára fún wákàtí mẹ́ta gbáko, títí èèyàn yóò fi gbàgbé pé ó ti ṣe wèrè rí.

Jóṣúà, ẹnjiníà kọ̀ǹpútà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Agbowó, òun náà ló so méjèèjì lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà àkọ́kọ́ ó pààrọ̀ bátìrì. Ní ìgbà kejì ó gbé ọmọ àpótí náà jìnnà sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó ní nǹkan onírin àti iná máa ń dí i lọ́wọ́. Ní ìgbà kẹta ó ní kí wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà lábẹ́ fèrèsé kúrò. Wọ́n gbé e. Ó dára fún ọjọ́ kan, ó tún bàjẹ́. Jóṣúà wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ ṣẹ àgbà: "Mà, kò sí nǹkan tó ṣe é mọ́. Bóyá ọwọ́ yín ló yá jù ú lọ."

Mùsílímátù ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá kíbọ́ọ̀dù oníwáyà ti àtijọ́ padà fún òun. Láńre ní òun ti tà wọ́n fún àwọn onítáípù kan, àti pé ta ló ń padà sí àtùpà nígbà tí iná bá dé?

Nísinsìnyí Láńre gba ìwé ìdánwò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èyí tí wọ́n ṣe yìí, àṣewò ni. Ìdánwò gan-an ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ilé-ìwé mọ́kànlá ló máa ṣe é. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni Alhaja ń bọ̀ wá gbà á. Ojú ìwé méjìdínlógún ni." Ó ká ìwé náà sí méjì. "Bí àṣìṣe kan bá tún wọ inú rẹ̀, Ìyá Latifah, màá gbé tábìlì yìí fún Túnráyọ̀. Kò ní wù mí o. Ṣùgbọ́n màá ṣe é."

Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Pátákó tín-ín-rín ni wọ́n fi gé yàrá náà kúrò lára ti àwọn táípíìsì, èèyàn a máa gbọ́ bí ó bá húkọ́.

Túnráyọ̀ súnmọ́ ọn. "Mà, ẹ dákun. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n gbé e fún mi."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Bá mi mú ìwé kan tí a kò lò wá."

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀: aago tí kíbọ́ọ̀dù náà ṣe wèrè, àti aago tí orí rẹ̀ pé. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó jẹ lẹ́tà mẹ́ta. Aago méjìlá, ó dára. Aago méjì, máòsì sá lọ. Bí ó ṣe ń kọ ọ́ ni ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé ooru ni, ṣé jẹnẹrétọ̀ ni. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dákẹ́ tó sì tún ṣe é, ó fagi lé jẹnẹrétọ̀.

Ní Ọjọ́rú, Láńre lọ sí Ìwó Road láti wọkọ̀ lọ sí Èkó, mọ́tò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Mùsílímátù jókòó ní aago mẹ́jọ, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojú ìwé kan. Méjì. Márùn-ún. Kò sí lẹ́tà kan tó sọnù. Nígbà tí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó ti tẹ ojú ìwé mọ́kànlá. Nínú ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ sí ọjọ́ náà: Dára.

"Ó jọ pé ọ̀gá ló ń dẹ́rù bà yín, mà," ni Túnráyọ̀ wí bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀. "Wọn ò sí nílé, ara yín balẹ̀, ọwọ́ yín náà balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí pé ó lè jẹ́ òótọ́. Ó gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀.

Ní Challenge tí wọ́n ń gbé, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbà, Gàfárù ọkọ rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wá ìròyìn lórí rédíò. Mùsílímátù ń ro ọkà lórí sítóòfù níwájú ibẹ̀. Ẹni tó ń ka ìròyìn lédè Yorùbá ń sọ̀rọ̀ lọ bọ̀, àfi bí ọkùnrin kan ṣe já lù ú lédè Haúsá. Àwọn méjèèjì wá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, èyí ń gé èyí lẹ́nu. Gàfárù ń pòṣé, ó ń yí bọ́tìnnì.

"Kí ló máa ń fà á tí wọ́n fi ń wọnú ara wọn bẹ́ẹ̀?" ni Mùsílímátù bi í.

"Ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà wá. Rédíò kò mọ èyí tó yẹ kó gbọ́ nínú wọn. Ó ń gbọ́ méjèèjì."

Mùsílímátù gbé ọwọ́ dúró lórí orógùn. Gàfárù wò ó.

"Ọkà yẹn á jóná o."

"Ó ń gbọ́ méjèèjì," ni ó tún un sọ, bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. "Bàbá Latifah, méjì ni wọ́n! Méjì ni ọ̀gá rà!"

Ní Ọjọ́bọ̀, aago méje àbọ̀ kò tíì lù tí ó ti dé ibi iṣẹ́. Ó gun àga, ó sọ páálí kíbọ́ọ̀dù náà kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìwé pélébé tó bá a wá ṣì wà nínú ọ̀rá. Ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí. Láńre ní òun mọ̀ ọ́n lò, Jóṣúà náà ní òun mọ̀ ọ́n. Ó jókòó, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ìwé ẹjọ́. Ní ojú ìwé kẹsàn-án ló ti rí i. Bí méjì bá wà nínú ilé kan, kí wọ́n má ṣe so wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìkọ̀ọ̀kan sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń yí i, láti oókan sí eéjì.

Ó dojú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ délẹ̀. Oókan ni. Ó lè búra pé oókan náà ni tinú yàrá yẹn.

Ó lè yí i lójú ẹsẹ̀. Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì náà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àlá ni òun lá. Ó ṣí ojú ewé tuntun tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́rán, ó ń retí.

Láńre dé ní aago mẹ́sàn-án. Ó kí i, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àga rẹ̀ han gooro. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, lẹ́tà kan yọ lójú kọ̀ǹpútà Mùsílímátù, lẹ́yìn náà òmíràn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ìka méjì tẹ̀wé.

Dear.

Ó fẹ́ pariwo ayọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun kọ́! Láti ìgbà yìí wá, òun kọ́!

Àwọn lẹ́tà náà ń bọ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn Dear, orúkọ ló tẹ̀lé e: Mrs. M. Gàfárù.

Orúkọ rẹ̀ ni.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà náà, Mùsílímátù sì ti tẹ irú rẹ̀ rí fún àwọn ẹlòmíràn, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ilé-iṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ilé-iṣẹ́ kábàámọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ yóò dópin ní òpin oṣù yìí, nítorí àìbìkítà rẹ̀. Ọfà dúró. Ọ̀rọ̀ "àìbìkítà" bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, títí ó fi lọ pátápátá. Àyè náà ṣófo fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn wá rọ́pò rẹ̀: nítorí ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Mùsílímátù.

Túnráyọ̀ dé, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ọwọ́ Mùsílímátù tí ó ká lẹ́rán. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Mà! Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

"Ọ̀gá ni. Láti inú yàrá wọn."

Túnráyọ̀ kà á. Omi lé ròrò sí i lójú. "Mà, ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ wọ́n."

"Ẹ̀bẹ̀ kí ni?" Mùsílímátù dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ so. Inú ń bí i. "Jókòó sórí àga mi. Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí mo bá pè ọ́, kí o ka ohun tí o bá rí, kí o kà á sókè."

Ó tẹ lẹ́tà náà jáde. Kí ìwé tó tutù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ti kan ilẹ̀kùn.

Láńre gbójú sókè láti ibi tó ti ń tẹ̀wé. Mùsílímátù kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún un.

"Ẹ ò tíì kọ ọjọ́ sí i, sà. Ẹ ò sì tíì buwọ́ lù ú."

Láńre wo ìwé náà. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, títí dé ibi tí ó dúró sí. Ó dìde bìrí.

"Ta ló wọ yàrá mi? Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi?"

"Kò sẹ́ni tó wọlé yín, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ohunkóhun tó bá wù yín."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ṣáà tẹ nǹkan, sà."

Ó fi ìbínú tẹ ọ̀rọ̀ kan.

"Túnráyọ̀!" ni Mùsílímátù pè. "Kí lo rí?"

Ohùn Túnráyọ̀ gba ara pátákó wọlé. "Fìlà, mà! Wọ́n kọ fìlà!"

Láńre yọ ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ó tún rọra tẹ òmíràn.

"Mọ́níyà!"

Ó jókòó. Ó wo Mùsílímátù, ó wo kíbọ́ọ̀dù. Ó wá tẹ ọ̀rọ̀ tó gùn, ìka kan tẹ̀lé èkejì. Wọ́n dúró. Túnráyọ̀ kò sọ nǹkan kan.

"Túnráyọ̀, ṣé o ò rí i ni?"

"Mo rí i, mà." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó ní… 'Áà, kí ni mo ṣe fún ìyá yìí.'"

Láńre fi ọwọ́ bo ojú.

"Kíbọ́ọ̀dù méjèèjì ń gba ojú ọ̀nà kan, sà," ni Mùsílímátù wí. Ó ṣí ìwé pélébé náà síwájú rẹ̀, ó fi ìka tẹ ibẹ̀. "Ọmọ àpótí tèmi ń gbọ́ yín, ó ń gbọ́ mi. Tí àwa méjèèjì bá tẹ̀wé pọ̀, ọ̀rọ̀ wa ń gé ara wọn lẹ́nu. Lánàá tí ẹ lọ sí Èkó, mo tẹ ojú ìwé mọ́kànlá láìsí àṣìṣe kan. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí mo lọ kírun, ta lẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí?"

Láńre ronú. "Àwọn tó ń ta bébà fún wa. Dear Sir ni mo fi bẹ̀rẹ̀." Ó mi orí. "Tèmi náà máa ń kọ ìkọkúkọ nígbà mìíràn. Mo rò pé nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni. Mo kàn ń pa á rẹ́, bóyá ibẹ̀ ni mo ti pa 'mọ' inú ọmọ ajá rẹ́ fún yín. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Tí ẹ bá ti sọ ni, sà."

"Tí mo bá ti sọ ni."

Ó mú lẹ́tà náà, ó ya á sí méjì, ó tún ya á sí mẹ́rin. Ó pa ti ojú kọ̀ǹpútà rẹ́. "Ẹ má bínú, Ìyá Latifah. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ de ọ̀la ni, bí àṣìṣe kan bá tún wọ inú iṣẹ́ náà. Ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì yín. Àwọn òbí tó lọ bá Alhaja ló kù."

"Màá fóònù Alhaja nísinsìnyí."

"Ẹ lọ fúnra yín, sà. Bàbá yín ì bá lọ."

Láńre mú fìlà rẹ̀ lórí àga, ó jáde.

Mùsílímátù padà sí tábìlì rẹ̀. Ó yí bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù sí eéjì. Ó tẹ ti ọmọ àpótí, ó tẹ ti kíbọ́ọ̀dù, ó ṣe ti máòsì bákan náà, bí ìwé ṣe wí. Ó ní kí Túnráyọ̀ lọ máa tẹ̀wé nínú yàrá ọ̀gá, ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn, kó má dúró. Òun náà tẹ ti tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sáré, ti ọmọbìnrin náà ń sáré lápá ibẹ̀ yẹn, ariwo kíbọ́ọ̀dù méjì gba gbogbo ilé. Ojú ìwé kan kún. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, kò sí ti àlejò kankan láàárín wọn.

"Túnráyọ̀! Kí lo rí níbẹ̀?"

"Tèmi nìkan, mà! Tèmi nìkan ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì.

Kí ó tó di ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ojú ìwé méjìdínlógún ti wà nílẹ̀. Alhaja Safiyyah dúró lórí ìnàró ka gbogbo rẹ̀, pẹ́ńsù pupa lọ́wọ́. Nígbà tó kà á tán, ó dá pẹ́ńsù náà padà sínú báàgì láìlò ó.

"Ta ló tẹ èyí?"

"Ìyá Latifah ni, mà," ni Láńre wí. "Àwọn náà ló tẹ ti àkọ́kọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Alhaja na ọwọ́ sí Mùsílímátù, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ṣinṣin. "Ọlọ́run á dá yín sí. Ìdánwò kẹta náà ń bọ̀ o. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Jóṣúà dé lórí ọ̀kadà. Ó ti gbọ́ ìròyìn náà, ojú ń tì í, kò sì fi pamọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà.

"Mà, mo ní ọwọ́ yín ló yá jù. Ẹ dákun."

"Dìde. Ó yá ju tìẹ lọ lóòótọ́."

"Ọ́fíìsì kan wà ní Bódìjà, mà. Méjì ni àwọn náà rà, èmi náà ni mo so wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ti ń fi wàhálà rẹ̀ jẹ mí níyà láti oṣù méjì. Ẹ bá mi lọ. Tí ẹ bá wà níbẹ̀, wọ́n á gbà pé òótọ́ ni."

Láńre ti jáde sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń gbọ́. "Ẹ máa lọ, Ìyá Latifah. Túnráyọ̀ á di ibí mú dè yín."

Ní Bódìjà, wọ́n mú wọn gòkè lọ sí yàrá kan tó tutù. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta dúró níbẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé ìyọnu ẹ̀rọ náà fún Jóṣúà lẹ́ẹ̀kan náà. Mùsílímátù kò tẹ́tí sí wọn. Ó ti rí ọmọbìnrin kan tó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù náà, kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Nígbà tí ó rí i pé ìyá yìí ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

"Mà, kì í ṣe èmi. Mo fi Ọlọ́run búra, kì í ṣe èmi ni mò ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn."

Mùsílímátù fa àga kan súnmọ́ ọn.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Jókòó. Jẹ́ ká jọ wò ó."